Ìdérí Méjìlá Oyniso

Àwọn ará abúlé wa tó máa ń sọ̀rọ̀ Oyniso sábà ń bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tí wọ́n fi ipò gíga dù ú. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹranko àti ewéko. Ó lè fi abẹ́rẹ́ gún labalábá mọ́ páálí láì jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ ya. Síbẹ̀, ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ìka yẹn ń gbọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà yẹn. Àwọn kan ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ọ. Wọ́n ṣì í sọ. Ọmọ yẹn wà ní Rọ́ṣíà, ó ń kọ́lé fún àwọn ẹlòmíì. Ìyàwó ọmọ náà ló kọ́ ọ, nídìí tábìlì oúnjẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó abọ́ kúrò.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé kan náà, ògiri kan ló pààlà yàrá mi àti tirẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún márùn-ún ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ máa ń wá láti ìlú Margilan láti wo olùkọ́ tó bá ń wá ipò gíga. Ẹ̀kọ́ gbangba là ń pe ohun tí olùkọ́ náà máa ṣe lójú wọn. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀kọ́ gbangba láì kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. A máa ń pín ìdáhùn fún wọn: ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á dáhùn ìbéèrè yìí, ìlà àárín á dáhùn tọ̀hún. A kì í pè é ní èrú. Ìmúrasílẹ̀ là ń pè é, èmi náà sì ti ṣe é.

Nígbà tó kan Oyniso lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, òun náà ṣe é. Obìnrin tó ṣáájú ìgbìmọ̀ nígbà yẹn kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀: àwọn ọmọ yìí kò ronú, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n há sórí ni. Oyniso kò kúrò ní ipò kejì tó wà. Ó ká ìwé náà, ó fi há inú rẹ́jísítà rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà di òní. Ìgbà ìrúwé ọdún yìí ló tún láǹfààní láti wá ipò náà, ó ti pé àádọ́ta ọdún. Márùndínlọ́gọ́ta ni obìnrin ń fẹ̀yìn tì. Èyí ni ìgbà ìkẹyìn.

Ó pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí òun á ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè há sórí. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa fi ń ju àwòrán àti àlàyé sára ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló lò. Ó fi àwòrán kan kún ojú ìwé, ó wá to ìdérí aláwọ̀ búlúù méjìlá bò ó mọ́lẹ̀, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Ìdérí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọmọ á mú nọ́ńbà kan, á dáhùn ìbéèrè, bí ó bá gbà á, Oyniso á tẹ ìdérí náà, á pòórá, díẹ̀ lára àwòrán á sì yọjú. Iṣẹ́ gbogbo kíláàsì ni láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ kí ìdérí tó tán.

Ó rọrùn láti sọ. Oṣù méjì ló fi bá a jà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ tó tẹ ibi tí kò sí ìdérí, ojú ìwé náà á ṣí lọ sí èyí tó kàn, àṣírí á sì tú. Ó pẹ́ kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń pa ìyẹn. Mo sọ fún un pé ìdérí ìlà kẹta fẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Ó ní irọ́ ni. Ó wọ̀n ọ́n, ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

"Mamasoli aka, ohun kan ṣoṣo ló wà nínú eré yìí," ló wí fún mi; aka là ń fi pe ọkùnrin tó bá jù wá lọ, opa ni ti obìnrin. "Ọmọ ò gbọdọ̀ mọ̀. Tó bá ti mọ̀, ògiri lásán ló ń wò."

Àwòrán mẹ́ta ló pèsè sórí kòkòrò sílíkì, nítorí oṣù karùn-ún ni, gbogbo ilé ló ń ké ewé tut fún kòkòrò náà jẹ.

Hosiyat ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tí ẹ̀kọ́ gbangba ti máa ń wáyé. Èdè ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọdún kan náà lòun àti Oyniso dé ilé ìwé wa, ọ̀nà etí ipa omi ni wọ́n sì jọ ń gbà lọ sílé láti ìgbà náà. Dugona ni wọ́n ń pe ara wọn, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń pe ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá. Nítorí pé kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ti gbó, ó sì lè má gba ìdérí náà bó ṣe yẹ, Oyniso fún un ní fíláàṣì rẹ̀, tí àwọn àwòrán náà wà nínú ẹ̀, kó bá a dán an wò. Níwájú mi ni, nídìí tíì.

"Má fi han ọmọ kankan o, dugona."

"Ta ni mo fẹ́ fi hàn? Kòkòrò mà ni. Àfi bí mo bá fi dẹ́rù ba ọkọ mi."

"Mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ọkọ mi ń bẹ̀rù kòkòrò."

Oyniso rẹ́rìn-ín. Hosiyat so fíláàṣì náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kọ́ gbangba, mo ń gba iwájú gbọ̀ngàn kọjá lọ́wọ́ ọ̀sán. Mo rí kíláàsì keje, àwọn tí Oyniso fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ náà, lórí ìjókòó, ìmọ́lẹ̀ lára ògiri, Hosiyat níwájú wọn. Mo rò pé Oyniso ló rán an. Mo kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Muattar ló ṣáájú wọn, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, ó ti ṣí báírò rẹ̀ kó tó jókòó. Èmi, Hosiyat àti Turdiali aka, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Oyniso wọ aṣọ sílíkì aláràbarà tuntun tí à ń pè ní atlas. Ìka rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ọmọ kan mú nọ́ńbà mẹ́rin, ó dáhùn, ìdérí pòórá. Ohun tó yọ kò ju igun funfun kan lọ, ó lè jẹ́ òwú, ó lè jẹ́ ògiri, ó lè jẹ́ yìnyín. Gbogbo ìlà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, Shahlo, dìde, ó kó ọwọ́ sí ẹ̀yìn. Ustoz ni àwọn ọmọ ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa.

"Ustoz, pilla ni èyí, ìyẹn ilé tí kòkòrò sílíkì ń hun yí ara rẹ̀ ká láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin."

Muattar mi orí pé ó dára, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Oyniso tún wo igun funfun náà, ó ní Shahlo gbà á. Ó lọ sí àwòrán kejì. Ìdérí kan ṣí, ìyẹ́ tó yọ kò tó èékánná. Ìlà àárín nawọ́ sókè.

"Labalábá tó jáde láti inú pilla ni, Ustoz, tí kì í jẹun títí tó fi máa kú."

Nígbà yẹn ni mo rí ohun tí Oyniso náà rí. Kí ọmọ tó dáhùn, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń wò. Hosiyat jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ lórí itan, ètè rẹ̀ ń sọ ìdáhùn náà láìsí ohùn.

Oyniso wò ó. Kò pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé rẹ́jísítà rẹ̀, ó fi bo ojú ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. Gbọ̀ngàn ṣókùnkùn. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan.

"Oyniso, ṣé iná ni?" Turdiali aka béèrè.

"Rárá o. Mò ń tún nǹkan kan ṣe ni."

Ìṣẹ́jú méje ni. Mo wo aago. Ó yọ àwòrán kẹta kúrò lábẹ́ ìdérí, ó fi òmíràn sí i. Muattar wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbé rẹ́jísítà kúrò, ìdérí méjìlá náà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ìdérí àkọ́kọ́ ṣí: nǹkan dúdú kan. Ọmọ kan ní ìlà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìlà tó kàn, ti dìde. "Òfì tí wọ́n fi ń hun—" ni ọmọ náà wí, ó sì dákẹ́. Ó wo ẹ̀yìn. Hosiyat gan-an ń na ọrùn láti wò ó. Òun náà kò mọ̀ ọ́n.

"Jókòó, ọmọ mi. Òfì kọ́," ni Oyniso wí.

Ẹnì kan wá ní, "Ìrù ẹṣin ni."

"Irun bàbá Dilmurod ni."

"Bàbá mi ò nírun, ọ̀dọ̀ bàbá tìẹ ni kó o lọ."

"Rárá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ewé ni. Ewé tut ni. Ustoz, nọ́ńbà mẹ́jọ."

Wọn ò dúró de ìlà mọ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ti sún àga rẹ̀ síwájú. Wọ́n mọ ewé, wọ́n mọ àtẹ tí wọ́n to kòkòrò sí, wọ́n ní yàrá kòkòrò àtijọ́ ni nítorí pé àtẹ náà jẹ́ pákó. Wọ́n gbà á níbòmíràn, wọ́n ṣì í níbòmíràn. Ìdérí kẹsàn-án ṣí, ọmọbìnrin kan yọ tó gbé ìtí ewé dání, àmì dúdú kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Shahlo yí padà. "Hosiyat opa ni."

Gbogbo kíláàsì yí padà. Oyniso tẹ ìdérí tó kù. Òun àti Hosiyat ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ní ìgbà ìrúwé àkọ́kọ́ wọn nílé ìwé wa, nígbà tí wọ́n jọ ń fún kòkòrò lóúnjẹ. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Hosiyat fi etí ìborí rẹ̀ bo ẹnu.

Muattar kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, ó ní, "Àwòrán méjì àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ìdáhùn mọ́kànlá ò tọ̀nà. Mo kà wọ́n."

"Òótọ́ ni. Wọ́n ń wá a ni."

"Ẹ̀kọ́ gbangba wà láti fi ohun tí ọmọ mọ̀ hàn wá, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìṣẹ́jú méje tún lọ lásán."

Wọ́n lọ mu tíì ní ọ́fíìsì. Mo ń ká wáyà. Hosiyat yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti fíláàṣì tó so mọ́ ọn kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ Oyniso.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fi hàn wọ́n," ló wí.

"Mo ní kó o má fi hàn wọ́n."

"O wí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ta ló mú ẹ délé? Etí ipa omi yẹn lo jókòó sí tó ò ń sunkún, èmi ni mo ń fi ìborí mi nù ẹ́ lójú. Ṣé kí n tún jókòó wo ìyẹn ni?"

"Wọ́n ṣáà kọ ọ́ pé àwọn ọmọ há a sórí."

"Obìnrin ìgbà yẹn ti fẹ̀yìn tì. Èyí fẹ́ kó máa lọ geere. Mo béèrè, dugona. Mo lọ béèrè fún ẹ. Ká ní o jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ ni, ipò gíga ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ bà á jẹ́."

"Bóyá."

"Kí lo wá gbé àwòrán wa jáde sí? O fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Òun nìkan ni àwòrán mìíràn tó wà nínú fíláàṣì. Mò ń fi ṣe eré fún ọjọ́ ìbí ẹ." Oyniso na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Hosiyat gbé e fún un. Oyniso tú fíláàṣì kúrò lára rẹ̀, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sí i lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí mi.

"Mamasoli aka, ẹ gba iwájú gbọ̀ngàn kọjá lánàá. Ṣé ẹ rí wọn?"

"Mo rí wọn. Mo rò pé ìwọ lo rán an."

"Ìdérí tó fi bíńtín fẹ̀ jù, ẹ wá sọ fún mi."

Mo tẹjú mọ́ wáyà tí mo ń ká.

Ìwé ìgbìmọ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ipò kejì náà ni wọ́n kọ sí i. Oyniso fi í há inú rẹ́jísítà, ó gbé e lé ti àkọ́kọ́ lórí. Kò lọ síbi ọjọ́ ìbí Hosiyat, ọ̀nà ojú títì ló sì ń gbà relé báyìí, bó tilẹ̀ jìn.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni kíláàsì keje máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé eré ìdérí wá. Ó ń ṣe àwòrán tuntun ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpò aṣọ rẹ̀ ni fíláàṣì náà máa ń wà. Mo ń gbọ́ wọn láti ara ògiri, wọ́n ń ṣì í, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hosiyat dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń wo ògiri pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìdérí mẹ́ta ti ṣí. "Ó jọ ẹyin," ló wí jẹ́jẹ́, bí ọmọ kíláàsì.

Oyniso gbé rẹ́jísítà, ó fi bo ojú ẹ̀rọ náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Hosiyat fi kọjá lọ.