Odò Tó Di Ọ̀nà Lórí Máàpù

Bí ẹ bá bi àwọn ará abúlé náà pé ta ló gbọ́n jù láàárín wọn, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn jókòó rò ó ná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi amọ̀kòkò tó ń gbé lẹ́bàá odò, kò ní jẹ́ kí ẹ parí ìbéèrè. "Mo mọ̀ ọ́n," ni yóò wí. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ló ti lò lókè eèpẹ̀, ó sì ti fi ogójì nínú rẹ̀ mọ ìkòkò. Ó mọ amọ̀ tí yóò sán nínú iná, ó mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, ó mọ ìyàwó tí yóò di ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀ kí ọdún tó yí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Mo-Mọ̀-Ọ́n. Orúkọ náà kò bí i nínú rí, oríkì ló pè é.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, télọ̀ tó ń gbé ní olú ìlú, ló pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ kọ́tìnì fún un ní ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń ya máàpù. Ibi tó ti ń wọn fèrèsé ló ti rí abúlé wọn lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ya abúlé wa o," ó wí. "Ó rẹwà gan-an. Àmọ́ ibi tí odò wa wà, ọ̀nà ni wọ́n yà síbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni katakata máa gbà la títì tuntun. Ọjọ́ Ẹtì ni máàpù náà ń lọ fún títẹ̀."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìwà odò náà lábúlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò gbẹ kanlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò le, yóò tẹ́jú, àwọn èèyàn yóò máa gbà á lọ sóko, wọn yóò tún máa gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá wá kó òkúta àti ọ̀dà dí ojú ibẹ̀, omi yóò wá ibòmíràn gbà, ibòmíràn ọ̀hún kò sì ju ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé méje tó tẹ̀ lé e lọ. Ọmọ-ọmọ Ìyá méjì wà ní ilé ìwé yẹn. Ó fi aṣọ tútù bo amọ̀ tó ń pò lọ́wọ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gbéra.

Àbúrò rẹ̀ ti ní kó dúró ní gáréèjì, òun ń bọ̀ wá mú un. Ìyá ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, òun mọ olú ìlú. Ogún ọdún sì nìyẹn tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìyá yìí kì í béèrè. Ó kọjá lábẹ́ aago ńlá kan, ó yà sọ́tùn-ún, ó kọjá níwájú báńkì onígíláàsì kan, ó tún yà sọ́tùn-ún, ló bá tún rí aago lókè orí rẹ̀. Ó wò ó, ó ní àwọn ará ìlú yìí mà fẹ́ràn aago o. Nígbà tó débẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin tó ń nu bàtà lábẹ́ aago náà gbé àga fún un.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá," ó wí. "Ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó tún lọ."

Orí àga yẹn ni télọ̀, tó ti ń wá a kiri láti gáréèjì, ti bá a, tó ń fi fìlà nu òógùn ojú ara rẹ̀.

"Mo ń wo ìlú ni," Ìyá wí.

"Ẹ ti wò ó yí po, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dìde ká lọ sílé."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sí ọ́fíìsì náà. Àjà kẹta ló wà, Ìyá sì ka àtẹ̀gùn rẹ̀ bó ṣe ń gùn ún: mẹ́tàlélógójì. Yàrá náà gùn, tábìlì fífẹ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù má bàa gbé e, pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi sì kún inú agolo mílíìkì. Ọkùnrin tó ya abúlé náà fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ti ń ya máàpù fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì tíì kọjá ibi tí bọ́ọ̀sì ìgboro ń dé rí. Ohun tí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá kọ wá láti oko ló ń yà.

Ó tẹ́ máàpù náà síwájú Ìyá. Ìyá kò tíì rí máàpù rí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ìka lé ibi tó ti ń sun ìkòkò. Inú rẹ̀ dùn. Òkè wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, àní igi ọ̀pẹ méjì tó dúró ti ara wọn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ kan ìlà pupa fífẹ̀ tó lọ tààrà láàárín wọn.

"Ta ni wèrè tó sọ fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yín pé ọ̀nà nìyí?" ó béèrè.

"Ìyá, a kì í kọ ohun tí a ò gbọ́." Ọkùnrin náà fa ìwé kékeré kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, ó sì kà á. "'Ọ̀nà tó fẹ̀, tó tẹ́jú. A bi amọ̀kòkò àgbà kan tó ru agbọ̀n amọ̀. Ó ní ọ̀nà ni, àti pé ibẹ̀ làwọn ń gbà lójoojúmọ́. A fẹ́ bi ẹlòmíràn, ó ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, òun mọ̀ ọ́n.'"

Ikọ́ dé sí télọ̀ lọ́fun, kì í sì í ṣe ikọ́ àìsàn. Ó kọjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èyí tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀.

Ìyá rántí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún méjì sẹ́yìn ni, àwọn ọkùnrin méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan.

"Amọ̀kòkò pọ̀ lágbègbè wa," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin nìkan ni..." Ojú tí Ìyá fi wo télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọkùnrin onímáàpù ṣàlàyé òfin ọ́fíìsì wọn. Ọ̀nà méjì péré ló wà láti yí ohun tó wà nínú ìwé yẹn padà. Yálà kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà wá tẹ̀ka pé òun ṣèṣì, tàbí kí òun onímáàpù fúnra òun lọ fojú rí i. "Bí ẹ bá mọ amọ̀kòkò náà, Ìyá, iṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ wá bàtà tó lágbára, ọ̀gá. Láàárọ̀ ọ̀la la ń lọ."

Báyìí ni ọkùnrin kan ṣe rìnrìn-àjò wákàtí mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò fẹ́ jáde lẹ́nu obìnrin. Kò sì kábàámọ̀. Bí ilé ṣe ń tán lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló ń na ọrùn. "Òkè yìí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yà á!" ó pariwo nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èrò yí ojú sí i. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Ìyá ṣáájú rẹ̀ gba inú koríko, ó ń fi hàn án bí ẹni tó ni gbogbo rẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, igi tí àrá pa tó tún rúwé, ibi tí èèyàn ti lè dúró rí oko mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ilẹ̀ tí òun ń fi àwọ̀ ewé kùn ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Wọ́n dé odò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò tó ohun tí ẹyẹ lè mu. Ìyá na ọwọ́ sí i. "Odò rèé."

Aago kẹ̀kẹ́ dún lẹ́yìn wọn. "Ẹ yà lọ́nà o!" àgbẹ̀ kan kígbe, ó sì fi kẹ̀kẹ́ kọjá lọ wìì láàárín odò.

Ọkùnrin onímáàpù wo Ìyá. Ìyá sáré fi gbòǹgbò igi tí omi ti bó hàn án, ó fi ìlà tí ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá fà sára òkúta hàn án, ó sì fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀ títí omi díẹ̀ fi sun.

"Ìyá, mo gbà yín gbọ́," ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Àmọ́ ohun tí mo bá rí ni mo lè kọ, kẹ̀kẹ́ ni mo sì rí. Bọ́ọ̀sì tó ń padà kò ní pẹ́ gbéra."

Agogo ilé ìwé dún. Àwọn ọmọ tú jáde, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ sínú odò gbígbẹ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín wọn. Ìyá wò wọ́n títí wọ́n fi gun òkè lódì kejì. Ọkọ rẹ̀ olóògbé retí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò gbọ́ ọ títí tó fi kú.

"Ẹ mú ìwé yín," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni amọ̀kòkò náà."

"Mo ti mọ̀ láti àná, Ìyá."

"Ẹ kọ ọ́ pé mo ṣèṣì." Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹrù wà lórí mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì sọ̀ ọ́. Wọ́n bi mí pé kí nìyí, mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo dá wọn lóhùn. Mi ò rò ó dé ìgbà òjò."

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí yíǹkì níbẹ̀, nítorí náà Ìyá ki àtàǹpàkò bọ inú amọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, télọ̀ pè. Odò ti di aláwọ̀ búlúù lórí máàpù, títì sì ti bọ́ sórí òkè lẹ́yìn ilé ìwé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ..."

"Ṣé o ti rán kọ́tìnì náà tán?" Ìyá béèrè.

Òjò rọ̀ lọ́dún náà bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Odò kún dé gbòǹgbò igi, ó hó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, kò sì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àjèjì kan gun ọ̀kadà dé etí odò, ó sì bá Ìyá níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n amọ̀ lórí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà nìyí?"

Àwọn obìnrin tó ń kọjá dúró, wọ́n ń retí gbólóhùn tí gbogbo wọn mọ̀. Ìyá sọ agbọ̀n kalẹ̀ ná. Ó na ẹ̀yìn, ó gbọn ọwọ́ nù, ó wo ojú ọ̀run.

"Oṣù wo lẹ máa padà?" ó béèrè.