Ohun Tí Bàbá N-ò-gbà Kọ sí Etí Ìwé

Bàbá N-ò-gbà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kú ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n sì bá ìwé ilé ìkàwé lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹnu kò ya ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin rí irú ìwé tó jẹ́, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, kò sì lè ṣí i.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrésà, ohun tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́, ló ṣáájú, torí òun ni gbogbo àdúgbò fi mọ bàbá náà. Ìwé òtítọ́ nìkan ló ń kà: ìtàn ogun, ìrìn àjò, ìgbésí ayé ẹni ẹlẹ́ni. Aládùúgbò kan bi í pé kí ló dé tí kì í ka ìtàn àròsọ. Ó ní irọ́ tí òun ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ládùúgbò tó òun.

Bó bá ń kàwé, pẹ́ńsùlù kì í jìnnà. Èrò ọkàn rẹ̀ ló ń kọ sí etí ìwé, ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Ìyá Oníwèé, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, rí ogójì ìwé tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ó mú un jókòó sídìí tábìlì, ó kó ìrésà mẹ́ta síwájú rẹ̀.

“Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Bàbá. Ẹ ò ní kúrò níbí.”

“Ó dáa. Ẹ jókòó tì mí.”

Ó pa ti ìwé mọ́kànlá rẹ́ láìjanpata. Nígbà tó kan ìwé kejìlá, ìtàn ìyàn kan, ó tún ojú ìwé kan kà, ó mí kanlẹ̀. “Ìyá Oníwèé, ẹ wá wo nǹkan. Ẹni tó kọ èyí kò fi ebi sùn rí.” Kí obìnrin náà tó dìde, ìrésà ti bọ́ sílẹ̀, pẹ́ńsùlù ti dé ọwọ́.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi wá àṣìṣe nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn nílé ìtẹ̀wé kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú kò bá a fẹ̀yìn tì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń dájọ́ ìwé nídìí oúnjẹ. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọ kan ṣoṣo náà, nọ́ọ̀sì, ló kù tó ń gbọ́ ẹjọ́.

“Ọ̀gágun yìí fi ojú ìwé méjì gbáko ka ọta ìbọn tí wọ́n yìn. Òkú ńkọ́? Ìlà kan. N ò gbà!”

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká jẹun.”

“Oúnjẹ ò lọ ibì kankan. Ọ̀gágun ló fẹ́ sá lọ.”

Nígbà tó yá, ìrora mú un lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Dókítà pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ẹ̀dọ̀ ni, ó sì ti kọjá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ wọlé tọ bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọgbẹ́ inú ni. Ọ̀pọ̀ ẹbí aláìsàn ló ti bá wí nítorí irú irọ́ yìí, kó tó di pé ó kan òun náà.

“Bá mi yá ìwé kan wá,” ni bàbá wí. “Èyí tí dókítà kan kọ nípa ẹ̀dọ̀.”

Ìwé nípa kòkòrò oyin ló yá wá.

“Ṣé oyin ni mo ní?”

“Wọ́n ti yá tẹ̀dọ̀ lọ, bàbá mi. Ẹ kọ́kọ́ ka èyí ná.”

Ó kà á. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. “Ọkùnrin yìí ní oyin kì í tan ara wọn jẹ. N ò gbà. Ṣebí inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.” Ọmọ rẹ̀ yíjú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí ẹ̀gún. Ṣé bàbá mọ̀ ni? Bó bá mọ̀, ṣé òpùrọ́ ló ka òun sí? Bàbá kò bi í léèrè mọ́ títí ó fi kú, ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà.

Lánàá, Ìyá Oníwèé wá kí i kú ọ̀fọ̀.

“Ọmọ mi, ìwé ẹ̀dọ̀ wà níbí. Èmi ni mo gbé e wá fún bàbá nígbà tó o wà níbi iṣẹ́. Wọ́n búra pé àwọn ò ní fi pẹ́ńsùlù kàn án.”

“Ẹ sì gbà wọ́n gbọ́, mà?”

“Rárá o. Àmọ́ ẹnìkan ń dúró dè é, bàbá tiẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Bá mi pa ohun tí bàbá kọ síbẹ̀ rẹ́, kó o gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀.”

Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà jókòó sídìí tábìlì bàbá pẹ̀lú ìrésà, ó ṣí ìwé náà. Níbì kan, dókítà tó kọ ọ́ ní aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ tó báyìí lè lo oṣù mẹ́fà. Etí ìwé dá a lóhùn: “N ò gbà. Mẹ́rin.” Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, bàbá ló jàre.

Ó pa á rẹ́. Ó ń pa òmíràn rẹ́, ó ń ṣí ojú ìwé, títí ó fi kan ibi tí dókítà ti kọ ọ́ pé ẹbí tó bá fi àrùn pamọ́ fún aláìsàn, ara rẹ̀ ló ń ṣàánú. Bàbá ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: “N ò gbà. Dókítà yìí kò mọ ọmọ mi.”

Ó gbé ìrésà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, nínú ilé tó dá páropáro. Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé ojú ìwé náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, yóò gbé ìwé náà padà. Bí Ìyá Oníwèé bá ní kó pa ìlà kan tó ṣẹ́ kù rẹ́, ó ti mọ èsì tí yóò fún un.