Ohun Tí Ọlọ́kọ̀ Sọ fún Màmá Àgbà

Màmá Àgbà yọ àjẹ̀ ìtukọ̀ kan kúrò nínú irin tí wọ́n fi há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì gbé èkejì lé orí ẹsẹ̀ bàbá òyìnbó tó ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ mì tìtì. Èmi tí mo jókòó síwájú fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, mo pariwo pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Wọn ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n ká apá aṣọ wọn dé ìgúnpá, wọ́n ti ìbòrí wọn sẹ́yìn etí, wọ́n yíra padà kí wọ́n lè kọjú sí ibi tí à ń lọ, wọ́n sì ti àjẹ̀ bọ omi.

"Ta ní ń kẹ̀yìn sí ọ̀nà tukọ̀?" ni wọ́n ń wí. "Tó bá lọ forí sọ igi ńkọ́?"

Omi dún ṣùú lábẹ́ wa. Ọkọ̀ tó ti ń ṣe ségesège látìgbà tí a ti kúrò létí odò bá nà tààrà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lósì, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọlọ́kọ̀ tí òun náà ti di etí ọkọ̀ mú rọra tú ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó wò wọ́n títí, ó wá bi mí lédè òyìnbó pé níbo ni ìyá mi àgbà ti kọ́ ọ.

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, èmi àti wọn ti jọ ń sùn nínú yàrá kan fún bí ọdún méjì, mi ò sì mọ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Abúlé kan lẹ́bàá ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti wá bá wa ní Peckham, nígbà tí Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíìfù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí kò sí ẹni tí yóò máa mú mi bọ̀ láti ilé ìwé. Àjà kẹta ni ilé wa wà. Láti ojú fèrèsé kíṣìnì, òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù àti orí àwọn bọ́ọ̀sì pupa nìkan là ń rí. Ibẹ̀ ni Màmá Àgbà máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Òórùn àbọ́níkì ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n wà nínú ilé kí n tó rí wọn, ìró tẹ̀sùbáà wọn ló sì máa ń jí mi láàárọ̀, kóró kóró kóró, bí ẹni ń ka àgbàdo sínú abọ́.

Òyìnbó wọn ò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ. Wọ́n mọ "thank you", wọ́n mọ "sorry", wọ́n sì mọ "Wednesday", nítorí pé Wednesday ni nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá. Gbogbo ìyókù, èmi ni. Èmi ni mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń ka lẹ́tà káńsù fún wọn, èmi ni mo ń jókòó láàárín àwọn àti dókítà. Bí àwọn ìyá ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí bá wá kí wa, Màmá Àgbà á na ọwọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́ rè é. Òun ni ẹnu mi nílùú yìí." Inú mi máa ń dùn sí i nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo fi pé mọ́kànlá, ó ti ń sú mi.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ náà ló gba bọ́ọ̀sì ńlá lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ọlidé, pé ká lọ gbatẹ́gùn ní abúlé kan létí odò, lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà èmi ni mo tẹ̀ lé Màmá Àgbà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ odò. Àwọn ilé ibẹ̀ kúrú, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé òmíràn. Màmá Àgbà dúró níwájú ọ̀kan, wọ́n wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé páànù ni ò sí níbí?" Àwọn ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí pápá, àwọn tó ń wò wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Igi ńlá kan tẹ ẹ̀ka rẹ̀ sínú omi, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ìyá wa já èso dúdú kéékèèké lára igi ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n ń kó o sínú ọ̀rá, wọ́n ń bira wọn bóyá kò lè pa èèyàn.

Ẹsẹ̀ Màmá Àgbà yá lọ́jọ́ náà ju tèmi lọ. Ibi tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn pákó ńlá sé omi, tí àwọn èèyàn ń fi ẹ̀yìn tì í kí ọkọ̀ lè kọjá, wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n tún dúró lẹ́yìn ọkùnrin kan tó jókòó sórí àpótí, tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Ó fa ẹja kan jáde, ó tó ìgúnpá ọmọdé. Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó sì dá a padà sómi.

"Ṣé ẹja náà ò dáa ni?"

"Ó dáa, Màmá. Eré ni wọ́n ń fi í ṣe."

"Wọ́n ń fi ẹja ṣeré?" Wọ́n wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà pẹ́. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa wọ́n láé o."

Ibi tí odò ti fẹ̀ díẹ̀ la ti rí ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn sọdá sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lódì kejì. A tò síbẹ̀, ó kàn wá, a wọlé. Bàbá òyìnbó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tì wá kúrò létí odò ni apá bá ń dùn ún, ó ń fajú ro. Ìgbà yẹn ni Màmá Àgbà dìde, tí wọ́n gba àjẹ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Màmá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn rí, ẹ̀rín ọmọge ni. Wọ́n jókòó sórí koríko, omi ń kán lára aṣọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi. Wọ́n ní bàbá àwọn ò bí ọkùnrin. Nígbà tí àwọn wà ní ọjọ́ orí mi, àwọn ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ ilé ìwé àti tíṣà kọjá ọ̀sà láràárọ̀, bó ti wù kí ìjì jà. Nígbà tí àwọn lọ sílé ọkọ, àwọn ará ibẹ̀ sọ fún àwọn pé ìyàwó ilé kì í tukọ̀. Látìgbà náà, wọn ò fọwọ́ kan àjẹ̀ mọ́.

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, bá mi bi í bóyá mo lè máa wá bá a tukọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Sọ fún un pé mi ò ní gba nǹkan kan."

Mo bi í. Bàbá náà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó rò ó díẹ̀, ó wá ní inú òun á dùn gan-an. Ó ní èjìká òun ti bàjẹ́, ìyàwó òun ló máa ń bá òun ṣe Wednesday, orúnkún ò sì jẹ́ kó lè ṣe é mọ́. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní gbogbo Wednesday títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Rélùwéè wà láti Waterloo, ibùdókọ̀ ò jìnnà, kí èmi náà máa tẹ̀ lé wọn wá kí n lè máa bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí Màmá Àgbà, ó mi orí, ó tún rẹ́rìn-ín. "Wednesday," ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. Wednesday ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń lọ sí Surrey Quays. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wọn ló ń kó wa lọ, a ó wo fíìmù, a ó jẹ ṣípìsì, a ó máa rìn kiri inú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí ló wí?" ni Màmá Àgbà bi mí.

"Ó ní rárá. Ó ní òfin ò gbà á."

Wọ́n wo bàbá náà. "Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màmá. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa sọ pé rárá."

Wọ́n ti rí irú ẹ̀ rí ní ọ́fíìsì káńsù. Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo wá yíjú sí bàbá náà, mo ní ìyá mi àgbà dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ráyè. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ Màmá Àgbà lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, èmi ni mo wà láàárín.

Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bọ̀ wálé, àwọn ìyá yòókù ń sùn. Aṣọ Màmá Àgbà ṣì ń rùn bí odò. A ti fẹ́ wọ Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ tó ní Wednesday."

"Ó ní àwọn kì í ṣí ní Wednesday."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n mú ọ̀rá èso dúdú yẹn jáde, wọ́n ṣa àwọn tí kò fọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n jẹ àwọn tó fọ́.

Gbogbo Wednesday tó kù nínú ọlidé yẹn ni mo lọ sí Surrey Quays. Màmá Àgbà ló ń bá mi di irun kí n tó jáde. Wọ́n á ní, "Ẹ gbádùn ara yín o, ẹ má rìn gbẹ̀rẹ̀." Bí ẹ bá bi mí lónìí pé fíìmù wo la wò, mi ò lè dárúkọ ẹyọ kan.

Òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e wọ orúnkún wọn, wọ́n sì padà sílé. Láti ìgbà náà, orí fóònù la ti ń kíra wa. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo pinnu pé mo máa sọ fún wọn. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ rántí odò tá a lọ yẹn?" Wọ́n ní, "Mo rántí. Ọkọ̀ yẹn fúyẹ́, ó dáa." Wọ́n bá dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé.

Ọdún kejì ni wọ́n kú. A ṣe fìdáù wọn ní pálọ̀ wa ní Peckham, nítorí pé Mọ́mì nìkan ló rí ọ̀nà lọ sílé, wọ́n sì ti padà dé. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Mọ́mì ń fọ abọ́, èmi ń nù ún. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, láti orí ọkọ̀ títí dé inú bọ́ọ̀sì. Mo rò pé wọ́n á bú mi.

Wọ́n ní, "Màmá mọ̀."

Mo ní báwo.

"Àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ wà lára àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ níbi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, òyìnbó yé e dáadáa. Ó sọ fún Màmá ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Màmá délé, wọ́n sọ fún mi. Mo ní mo máa nà ọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, 'Fi í sílẹ̀. Látìgbà tí mo ti dé ló ti ń ṣe ẹnu fún mi. Jẹ́ kó ní ọjọ́ kan tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.'" Mọ́mì ti ẹ̀rọ omi. "Mo ṣèlérí fún wọn pé èmi á mú wọn lọ bí mo bá ti gba àyè Wednesday kan níbi iṣẹ́. Mi ò rí i gbà. Tàbí kí n sọ pé mi ò béèrè tó."

Mo gba abọ́ tó kù lọ́wọ́ wọn, mo nù ún; nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó rí ẹnì kejì bá wí.

Mo ti lọ sí abúlé etí odò náà lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà yẹn. Ọkọ̀ onímọ́tò ló ń gbé èèyàn sọdá báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wà á. Mo bi í léèrè bàbá àtijọ́ náà, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Peckham ni mo ṣì ń gbé, mo ti ní ọmọ tèmi. Àwọn arúgbó tí a jọ ń gbé ilé alájà kan náà máa ń gbé lẹ́tà wọn wá kí n bá wọn kà á. Wọ́n á ní, "Sọ kókó ẹ̀ fún mi, ìyẹn ti tó." N kì í gbà. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń kà, títí kan àdírẹ́sì àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, títí yóò fi sú wọn. Wọ́n rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́ pé Màmá Àgbà dárí jì mí láì jẹ́ kí n mọ̀. Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń rò ó pé ká ní wọ́n bá mi wí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni, ká ní wọ́n jẹ́ kí Mọ́mì nà mí, ǹ bá sunkún, ǹ bá jẹ́wọ́, à bá sì wọ rélùwéè lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Wednesday.