Sájẹ́ǹtì Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Pọ́n-ùn méjìlá ni mo fi wo sinimá ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí lánàá. Owó sísì kan péré la fi ń wò ó nílé nígbà èwe mi. Sinimá náà dá lórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí òkú ẹni tí wọ́n pa kò jẹ́ kó sùn. Ẹrẹ̀ odò tó bo bàtà rẹ̀ ló rán mi létí bàbá mi.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni bàbá mi náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n rí òkú ọmọ kan lódò, ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ mú ọ̀dọ́ káfíńtà kan tí kò bá wa tan wọ yàrá wa. Mo rò pé káfíńtà náà wá tún bẹ́ẹ̀dì ṣe ni, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ló sá wọ̀.

“Sájẹ́ǹtì, ṣé àbúrò yín ni apànìyàn yẹn?” ni èrò tó ń lé káfíńtà náà bọ̀ ń pariwo sí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Àbúrò mi ni. Ẹni tó bá rí i níbi tó ti pa ọmọ náà, kó bọ́ síwájú,” ni bàbá mi fèsì.

Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Orí mi wú. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ ló pa ọmọ náà.

Bàbá mi ti lọ, ìyá mi náà ti lọ. Èmi ṣì wà. Káfíńtà náà ṣì wà.