Àrọ Ìjì Tí Mo Fà Sí Bọ́ọ̀dù

Lẹ́yìn tí ìdánwò àtiwọ yunifásítì já mi kulẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìsàn ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ JSS Tuu ní jọ́gíráfì. Èmi tí mi ò lè dé Ayédé tó wà nítòsí láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Ẹ̀kọ́ wá kan họ́ríkéènì, ìjì ńlá ojú òkun. Mo ṣàlàyé pé àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ máa ń wo ibi tí ìjì wà lánàá àti lónìí nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè, wọ́n á wo atẹ́gùn tó ń tì í, wọ́n á wá fa ọ̀nà tó ṣeé ṣe kó gbà. Ọ̀la ò dájú, ọ̀tunla ò wá dájú rárá, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ, bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sígò.

Àwọn ọmọ kàn ń wò mí. Kò sẹ́ni tó rí òkun rí nínú wa, títí kan tíṣà. Ni mo bá lo ọpọlọ mi, ohun tí mi ò tún gbọ́dọ̀ ṣe mọ́. Mo ya Ìsàn sí bọ́ọ̀dù, mo ní ìjì ń bọ̀ láti Ayédé, mo fa àrọ. Ó gba ilé alága àwọn òbí kọjá, ilé onípáànù pupa tí gbogbo wọn mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òjò àkọ́rọ̀ dé tìjìtìjì. Ó gbé páànù pupa yẹn sọ sóko ẹ̀gẹ́.

Bí àwọn ará ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí mi nìyẹn. Àwọn ọmọ ò nu bọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n ní ẹ̀fúùfù lè wà nínú ṣọ́ọ̀kì mi. Èmi náà ń fojú wá ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kíláàsì jáde.

Alága, bàbá àgbà kan, wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Tíṣà, ta ló júwe ulé mi fún ọ?"

"Àpẹẹrẹ lásán ni, sà."

"Kí ló dé tí ulé tí o ń gbé ò sí nínú àpẹẹrẹ?"

"Bọ́ọ̀dù ló tán, sà."

Ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Bọ́ọ̀dù tán. Uṣẹ́ rẹ náà lè tán. Fa òmíràn, kí ulé rẹ wà láàárín."

Mo fà á. Tí ìjì bá wó ilé mi, wọ́n á ní ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Tí kò bá wó o, wọ́n á ní mo bẹ̀ ẹ́.

Òjò tó tẹ̀ lé e bá mi nínú ṣáláńgá ilé ìwé. Ìjì ò tiẹ̀ wo ọ̀nà ilé mi. Òrùlé ṣáláńgá ló ká lọ, ó sì wó ògiri iwájú. Gbogbo kíláàsì rí mi, mo di ṣòkòtò mú lórúnkún.

Bàbá gbọ́, ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá: "Ẹ jẹ́ kó máa kọ́ wọn lọ. Ẹni tó rán ìjì níṣẹ́ ò ní lóṣòó sí ṣáláńgá dè é."