Ohùn Tí Mo Dà Pọ̀ Mọ́ra

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í há Àlùkùránì sórí. Ìrẹsì ló ń tà ní Ibo Road láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò fẹ́ lọ bá Ọlọ́hun pẹ̀lú súrà mẹ́rin péré. Ló bá dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń kọ́ kéwú ní mọ́ṣáláṣí wa ní Sabon Gari, ní Kano níbí, lẹ́yìn ìrun àìlà. Ilé kéwú yẹn náà ló tọ́ èmi gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn nítorí Ọlọ́hun.

Ogún kọ̀ǹpútà ló wà ní yàrá àwọn obìnrin, ògbólógbòó ni gbogbo wọn, láti ilé iṣẹ́ kan ní Bompai tó ra tuntun. Kò sí èyí tó lè tọ́jú fáìlì sínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lábẹ́ fèrèsé, tí à ń pè ní sáfà, ló ń fi ohùn olùkéwú tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn gba orí wáyà, oníkálukú sì ń gbọ́ súrà tó ń há. Bí gbogbo àwọn obìnrin náà bá ti jókòó, ohùn á máa já.

Mo ní kí n fún ohùn náà mọ́ra kó lè kéré. Alfa wa kọ̀.

“Kí lò ń yọ kúrò nínú rẹ̀ tó fi ń kéré?”

“Ohun tí etí kì í gbọ́ ni, Alfa.”

“Etí ta ni? Tìẹ tàbí tèmi?”

Ó ní lẹ́tà méjì tó jọra lè di ọ̀kan náà létí ẹni tó ń kọ́ ọ, òun kò sì ní dáhùn fún un níwájú Ọlọ́hun.

Ọ̀nà kan ló kù: kí n tún kẹ́nẹ́ẹ̀lì sáfà náà kọ, ìyẹn ìpìlẹ̀ ètò tó ń pàṣẹ fún gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, á ka ohùn sí àyè kan, á tún dà á kọ sí àyè kejì, kó tó fi ránṣẹ́. Mo yọ àdàkọ yẹn kúrò. Mo ní kí káàdì tó ń gbé ohùn gba wáyà máa bù ú níbi tó wà ní tààrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo gbé e wọlé, ohùn kò já mọ́. Mo forí kanlẹ̀, mo dúpẹ́. Alfa ṣàdúà fún mi lójú gbogbo wọn.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Ó ń ka súrà Tabáráka, ó dé àárín, ó ki gbólóhùn kan bọ̀ ọ́ láti inú súrà Núúnì tó tẹ̀ lé e. Alfa tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ náà ni.

“Ìyá àgbà,” ni obìnrin kan wí, “ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ tún ń bù pọ̀ yìí o!”

“Ìwọ ṣáà gbé abọ́ wá,” ni ìyá mi fèsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nílé, kò rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé kò mọ orúkọ àwọn ọmọ tó bí mọ́.

“Ohun tó mú ẹ̀gbọ́n mi ti dé bá mi.”

“Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Tí n kò bá mọ̀ yín mọ́, ẹ má jẹ́ kí n jáde láìborí.”

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà bi í ní ọjọ́ àti oṣù, Màámi dáhùn gbogbo rẹ̀. Dókítà ní ká ṣì máa ṣọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ọjà Yankaba níbi tó ti ń ra tòmátì, mo ń wò ó bóyá yóò ṣìnà. Kò ṣìnà. Bí mo bá wà nínú ìforíkanlẹ̀, mo máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kó bù nínú ọpọlọ mi kún tirẹ̀.

Ó wá ní òun kò lọ sí ilé kéwú mọ́. Ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun rú, kó pa ẹnu mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sì bá a lọ. Mo jókòó tì í, mo ki apá kan ohun ìgbọ́ràn bọ etí mi, ó ki èkejì bọ tirẹ̀. Olùkéwú ń ka Tabáráka lọ. Lójijì, pẹ̀lú ohùn kan náà, gbólóhùn kan láti inú Núúnì já wọlé, ó sì tún padà sí Tabáráka bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Núúnì ni obìnrin tó wà níbẹ̀ ń gbọ́.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí mo tún kọ máa ń gba àyè ohùn padà kí káàdì tó bù ú tán, ohùn ẹlòmíràn sì ń dà síbẹ̀. Nígbà tí èmi nìkan ń dán an wò, kò sí ẹlòmíràn.

Mo ní kí gbogbo wọn dúró. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ irú rẹ̀.  Ìyàwó kékeré kan tí wọ́n bí sí Kano rọra wí pé, “Ni ma haka na ji. Èmi náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ta ni mí tí màá ní Àlùkùránì ṣì?” Òmíràn ní òun rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni. Òmíràn ní òun rò pé etí òun ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alfa. “Èmi ni, Alfa. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dà á rú.”

Alfa ní, “Èmi tí mò ń jà nítorí lẹ́tà, n kò jókòó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Dìde. Yọ ọ́ kúrò. Kí oníkálukú wá kà á fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìyá mi fà mí láṣọ. “Kì í ṣe orí mi?”

“Kì í ṣe orí yín, Màámi.”

Ó ní, “Alhamdulillahi,” ó sunkún, ó sì gbá mi lẹ́yìn gbàà. “O fẹ́ fi kọ̀ǹpútà sọ mí di wèrè!”

Mo dá kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ padà kí a tó kí ìrun àsárì. Ohùn tún ń já, a sì pín àwọn obìnrin náà sí ọ̀nà méjì kí wọ́n má baà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù ti tún ohun tí wọ́n há ṣe. Ìyá mi nìkan ló kù. Lójoojúmọ́ a máa ń jókòó, èmi á kà ṣáájú, òun á tẹ̀ lé mi. Nígbà míì ó ń gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Nígbà míì ó tún yà sí Núúnì, ó sì máa ń wojú mi kí n sọ fún òun pé èmi ni mo fà á. Mo máa ń sọ pé èmi ni. N kò mọ̀ mọ́ bóyá òótọ́ ni.