Ọjọ́ tí Ìyá Mi Ta Gòjé Òyìnbó

Òórùn aṣọ tí kò gbẹ tán ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Oṣù Kẹjọ ni. Òjò ti ń rọ̀ ní Ìdànrè láti bí ọjọ́ mẹ́fà, omi sì ń ṣàn wálẹ̀ lára àwọn òkè láìdáwọ́ dúró. Ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ti kó ẹ̀yinná èédú sínú áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ kùtù, ó ń lọ aṣọ títí ooru aṣọ tútù fi kún pálọ̀ wa. Gbogbo obìnrin ìjọ ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun, nítorí pé òyìnbó mẹ́rin ń bọ̀ lọ́jọ́ náà láti wá ta gòjé fún wa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá mi ló fà á. Òun ni tíṣà àgbà ilé-ìwé ìjọ wa, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, òyìnbó tó kọ́ ọ ní dùùrù sọ fún un pé ní ìlú àwọn, bí ìgbà ooru bá dé, àwọn tó fi orin ṣiṣẹ́ jẹ a máa kó ohun èlò wọn lọ sí ìlú kékeré kan, wọn a sì máa ṣeré fún àwọn ará ibẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn bàbá mi. Nígbà tó gbọ́ pé mẹ́rin nínú irú wọn wà ní Ìbàdàn, ó kọ lẹ́tà sí wọn pé Ìdànrè náà fẹ́. Wọ́n fèsì pé àwọn á wá ní oṣù Kẹjọ, torí pé oṣù Kẹjọ ni àwọn máa ń ṣe é. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún wọn pé oṣù Kẹjọ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, kálukú dé fìlà koríko kó má bàa jẹ́ pé oòrùn pa á, omi sì ń kán tó tó tó láti etí fìlà wọn.

Kí wọ́n tó dé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn, orin inú yàrá ni, torí pé inú yàrá ńlá àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ láyé àtijọ́. Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó dìde nínú ìjọ, ó kéde pé òyìnbó mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan, ń bọ̀ wá ṣe orin inú yàrá ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, àti pé tọmọdé tàgbà ni wọ́n pè kó wá wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí gbogbo àwọn obìnrin, kó obìnrin márùn-ún lẹ́yìn wá sílé wa.

Ó ní, "Tíṣà, a mọ̀ pé ẹ kàwé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ ti inú yàrá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ sínú yàrá."

Bàbá mi ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé kó máa pè é ní orin pálọ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde àkọ́kọ́ ti rìn jìnnà. Ó ti dé Owena, ó ti dé oko kòkó, àwọn ọkùnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé wọn sì ń wá béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá ìjókòó ṣì kù níwájú.

Nígbà tí àwọn òyìnbó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbáradì ní gbọ̀ngàn, tí Mísì Hẹ́lẹ́nì, obìnrin àárín wọn, jókòó tó sì há gòjé ńlá kan tó ga tó èmi gan-an sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, Ìyá Ìjọ yíjú wo bàbá mi. Ó tú ìborùn ara rẹ̀, ó lọ síwájú, ó sì tẹ́ ẹ bo orúnkún Mísì Hẹ́lẹ́nì dáadáa. Mísì Hẹ́lẹ́nì dúpẹ́ púpọ̀. Ó rò pé nítorí òtútù ni.

Àdúgbò mẹ́rin ló pín wọn gbà sílé. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, kálukú ti ń pe tirẹ̀ ní "òyìnbó wa." Wọ́n ń jiyàn lórí ta ni òyìnbó rẹ̀ jẹ iyán jù, ta ni tirẹ̀ kì í hanrun. Àwọn tó ń wá wo ìgbáradì kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí orin. Ọwọ́ ni wọ́n ń wò, ta ni tirẹ̀ ń yára jù. Àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, ni wọ́n fún ní Míṣítà Kúùpà, ọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn ìrìn. Òun ló ń ta gòjé kan tó fi díẹ̀ tóbi ju àwọn kéékèèké lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé tí eré àkọ́kọ́ máa wáyé, Míṣítà Kúùpà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo Òkè Ìdànrè. Wọ́n sọ fún un pé àtẹ̀gùn yẹn ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fìlà koríko rẹ̀ dé. Kò tíì gùn ún dé ìdajì tó fi ṣubú, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko ló pọ̀n ọ́n bí ọmọ wálẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n gba àárín ọjà kọjá.

Míṣítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ olórí wọn, ní kò burú, orin ẹlẹ́ni mẹ́ta náà wà nínú àpótí àwọn. Ọkàn bàbá mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, ìyẹn bí oòrùn bá wà, àwọn àgbà àdúgbò ìsàlẹ̀ ti dé ilé wa. Bàbá Akínṣọlá ni olórí wọn.

"Tíṣà, àga mẹ́rin la gbọ́. Àdúgbò mẹ́ta ò ní jókòó lórí pèpéle kí tiwa ṣófo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa kan jókòó sórí ìkẹrin."

"Bàbá, ta nínú yín ló mọ̀ ọ́n ta?"

"A ò ní kó ta á. Kó kàn jókòó ni."

Wọ́n bá yíjú sí ìyá mi, tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó há pínnì mẹ́ta sẹ́nu. Ọmọ ilé wọn ni, ìyàwó tíṣà ni, aṣọ rẹ̀ sì ti lọ̀ tán. Ìyá mi yọ pínnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tí kì í purọ́ ni. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá aṣọ yẹ òun, ó lè sọ pé rárá. Ó yíjú sí bàbá mi.

"Bàbá Fọlákẹ́, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

"Ìjókòó lásán ni, Ìyá Fọlákẹ́."

"Tí wọ́n bá wá rò pé mo mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi á dìde, màá ṣàlàyé fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Báyìí ni ìyá mi ṣe gbà.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn èèyàn dúró lójú fèrèsé, wọ́n jókòó lórí igi gúáfà. Àwọn mẹ́rin jókòó ní pèpéle: Míṣítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnìkejì rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, Mísì Hẹ́lẹ́nì pẹ̀lú ìborùn lórúnkún, àti ìyá mi. Ó gbé gòjé Míṣítà Kúùpà lé èjìká bí wọ́n ṣe fi hàn án, ó sì na ọ̀pá onírun ẹṣin náà sókè láìjẹ́ kó kan okùn. Bàbá mi dìde láti ṣàlàyé. Ó la ẹnu, òjò sì bọ́ sórí páànù.

Ẹni tó bá ti jókòó lábẹ́ páànù ní Ìdànrè lóṣù Kẹjọ mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí ìyá mi, ó ń mirí, a ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó wo òkè, ó wo ìyá mi, ó sì jókòó.

Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀. A rí ọwọ́ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀, a rí Míṣítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì tó dijú, tí omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ nítorí adùn orin, bóyá òun ń gbọ́ ọ. Àwa ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ̀nba ohun tó hàn sí gbogbo èèyàn ni pé ẹni mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan sì jókòó lásán. Àdúgbò ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá Akínṣọlá dìde níwájú, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń fa ayùn. Àwọn àdúgbò yòókù ń rẹ́rìn-ín wọn. Mo rí ìyá mi tó wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo ilẹ̀.

Ó bá gbé ọ̀pá lé okùn. Ó kọ́kọ́ fà á jẹ́jẹ́. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́, ó fà á dáadáa. Kò pẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ bí ìgbà tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, òógùn bo ojú rẹ̀, gèlè rẹ̀ yẹ̀, àdúgbò ìsàlẹ̀ sì dìde dúró lápapọ̀. Mo dìde pẹ̀lú wọn. Inú mi dùn gan-an.

Òjò dá lójijì. Àwọn òyìnbó ti parí orin wọn, wọ́n ti gbé ọ̀pá wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi dijú, kò mọ̀. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn la ti gbọ́ gòjé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn kan ṣoṣo, gígùn, bíi ti ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ó fà á títí dé ìparí ọ̀pá. Ó lajú.

Gbọ̀ngàn hó. Bàbá Akínṣọlá ń pariwo pé, "Tiwa ló parí rẹ̀! Ó ti rẹ tiwọn!" Àwọn àdúgbò yòókù ní ojúsàájú wà níbẹ̀. Míṣítà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì, tí kò mọ ohun tó tún lè ṣe, tẹ̀ba fún ìyá mi, ó sì fẹnu kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Ìjọ bojú.

Ìyá mi gbé gòjé sórí àga. Ó dúró gbọn-in.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n ta. N kò mú un lọ́wọ́ rí kó tó di òní. Jíjókòó ni wọ́n ní kí n wá jókòó, mo sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bínú."

Kò sí òjò. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn wo ara wọn, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀," ni Ìyá Ìjọ wí.

Ìyá mi kò padà sórí pèpéle mọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn àdúgbò mẹ́ta yòókù ti yan ọmọ tiwọn láti máa jókòó ti òyìnbó wọn. Ní ọjọ́ tó parí, èèyàn méje ló wà lórí pèpéle, alápatà kan tí àdúgbò ìsàlẹ̀ fi rọ́pò ìyá mi sì wà nínú wọn. Wọ́n ní orin náà dára.

Èmi ńkọ́? Mo ti di èèyàn ńlá létí odò tí a ti ń pọnmi. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti mọ̀ ọ́n ta. Mo ní òun ló kọ́ Mísì Hẹ́lẹ́nì ní apá kan nínú orin náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá kí ìyá mi kọ́ ọ, ó sì sọ ẹni tó rán òun wá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi ní kí n jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ ní gbọ̀ngàn?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé o gbà mí gbọ́?"

Mo rò ó. "Mi ò mọ̀, mà."

Ó fi ọwọ́ kan yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà díẹ̀, ó tún dá a dúró. "Kí ìlú má gbà mí gbọ́, ìyẹn ò dùn mí. Tìẹ ló dùn mí."

Ó ka ilé mẹ́fà tí mo ti ní láti lọ sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo sunkún dé ilé àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní ìkejì, mo sọ ọ́ ní ìkẹta. Ní ìkẹrin, wọ́n fún mi ní àkàrà gbígbóná, wọ́n ní ọmọ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́, òun náà kì í gbéra ga. Mo jẹ àkàrà náà lójú ọ̀nà, mo nu ẹnu, mo sì lọ sí ìkarùn-ún àti ìkẹfà.

Ìyá mi ti lọ tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí ìdúpẹ́ ìjọ wa ní Ìdànrè. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ètò náà pè mí síwájú, ó ní ọmọ ìyá tó kọ́kọ́ ta gòjé òyìnbó nílùú yìí wà láàárín wa. Gbogbo èèyàn dìde fún mi. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi. Ọjọ́ náà mọ́, kò sí òjò, ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ nílé mẹ́fà rí kò gùn, mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi.

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á bù kún yín."

Mo gbé ẹ̀rọ náà padà fún un, mo sì jókòó sáàárín àwọn èèyàn pàtàkì.